Ìkúnlẹ̀ Lórí Pápá

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń fìdí rẹmi kì í ní ọ̀rẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í la ènìyàn létè ní Bouaké lọ́dún náà, kò sí ẹni tó ń wá wo àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó wà lójú ọ̀nà Djébonoua mọ́, àfi obìnrin tó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, òun náà nítorí pé ibẹ̀ ni ààrò rẹ̀ wà ni. Wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, wọ́n nà wọ́n. Wọ́n gbá ìkejì pẹ̀lú ìbínú, wọ́n tún nà wọ́n. Nínú ìkẹta, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un jẹ kí adílémú wọn tó ya ẹsẹ̀ fún bọ́ọ̀lù bí ẹni ń ya ọ̀nà fún àlejò, ìyẹn sì di ọ̀mì. Ó wá ku ẹyọ kan. Bí wọ́n bá borí nínú rẹ̀, wọ́n á bọ́ sí ìpele kejì, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ yòókù ní ìsọ̀rí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù wọ́n lọ. Bí wọn ò bá borí, ó parí nìyẹn.

Obìnrin ni kóòṣì wọn. Ẹ jẹ́ ká tètè mú ìyẹn kúrò nílẹ̀, nítorí òun ni àwọn tó ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò máa ń kọ́kọ́ sọ, àfi bí ẹni pé obìnrin ló ní kí adílémú yasẹ̀. Raïssa ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́, Àyọ̀ká ni orúkọ rẹ̀ nílé. Bouaké ni wọ́n bí i sí, Faransé ló fi kàwé, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni, ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn ará ìlú ń pè ní Anago. Iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ló ń ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ olùdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Músíọ̀, pé kí ó jẹ́ kí òun dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Músíọ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó mú un lọ sójú fèrèsé. "Ṣé o rí pápá yẹn? Kíláàsì tuntun ni mo fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Bí àwọn ọmọ rẹ kò bá jáde nínú ìsọ̀rí wọn, mà á tú ẹgbẹ́ náà ká, mà á da bíríkì síbẹ̀. Ìwọ náà á wá ibòmíràn tí wàá ti máa fọn fèrè."

Ọ̀rọ̀ tó gbé Àyọ̀ká lọ́kàn nìyẹn. Kì í ṣe ti iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Àwọn ọmọ yẹn ti wọ̀ ọ́ lára. Idriss, balógun ẹgbẹ́, láti Brobo ló ti wá; bàbá rẹ̀ ti pè é padà sóko títí ó ti sú u, ohun tó sì ń dá ọmọ náà dúró sí kíláàsì kò ju bọ́ọ̀lù lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kò fi bò. Bí ẹgbẹ́ bá túká lónìí, ọ̀la ni Idriss á gbé ọkọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Àwọn ọmọ yòókù ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ta ara wọn nípàá, ṣùgbọ́n Àyọ̀ká mọ ohun tí bọ́ọ̀lù yìí jẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn, Àyọ̀ká kò lè jẹun mọ́. Á to ègé iṣu sórí àwo, èyí ẹ̀yìn, èyí àárín, èyí iwájú, á máa sún wọn síwá sẹ́yìn títí iṣu á fi tutù. Ó gba ààwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní kó gbà. Ó lọ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n má rán ọmọ wọn níṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, pé oorun ni kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Àwọn ìyá kan fi í rẹ́rìn-ín. Kò bínú, ó ti kọjá ibi tí èèyàn ti ń bínú.

Lówùúrọ̀ Sátidé, ní pápá kan ní àdúgbò Sokoura, ọkùnrin tó yẹ kó ṣe rẹfirí kò dé. Wọ́n ní ó ṣubú lórí alùpùpù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù kiri, ara sì ń gbóná, nítorí ọjọ́ náà ni ìpele àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ parí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí kò bá wáyé, kò sẹ́ni tó máa gba máàkì kankan nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ti rí ẹnì kan, ó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Kò ká Àyọ̀ká lára ẹni tó jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Idriss, ó ń tún okùn bàtà rẹ̀ so, ó ń sọ fún un pé kó má sá fún ẹlẹ́yìn àwọn alátakò tó ga yẹn, ẹni tó ń dáàbò bo ilé wọn, pé ẹlẹ́yìn náà kì í fẹ́ kí wọ́n gba apá òsì òun. Ó gbọ́ fèrè lẹ́yìn rẹ̀, ó dìde, ó yíjú.

Kí ọpọlọ rẹ̀ tó mọ̀ pé ìta gbangba ni òun wà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá."

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kó fún Àyọ̀ká nílé tẹ̀lé e dé ibi tí kò yẹ kó dé. Ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ nínú aṣọ dúdú rẹfirí dúró gbagidi, kò jẹ́ kí ètè rẹ̀ mì.

"Dìde," ó ní. "Àyọ̀ká, dìde kíá."

Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ nù lórúnkún. Ó ti pẹ́ jù. Ní òdìkejì pápá, kóòṣì àwọn alátakò, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí kò fẹ́ràn láti pàdánù, ti gbé fóònù rẹ̀ sókè láti ìgbà tó ti ń ya àwòrán àwọn ọmọ tirẹ̀. Fóònù ayé ìsinsìnyí kì í jẹ́ kí èèyàn ṣe àṣìṣe kó sì gbàgbé rẹ̀.

Bàbá Mọ́rúfù ni rẹfirí náà. Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ló ń tà ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú náà, ó sì ti ń fọn fèrè fún bọ́ọ̀lù ní Bouaké kí wọ́n tó bí Àyọ̀ká. Ọmọdé ni Bàbá nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó o wá láti Ghana ní 1969, nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò níbẹ̀. Kò bá Àyọ̀ká tan. Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà ni ilé wọn méjèèjì ti ṣẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá Àyọ̀ká kú, tí ọmọ kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, òun ló lọ kó ìyá àti ọmọ wá sílé rẹ̀ ní àdúgbò Koko, ibẹ̀ ni Àyọ̀ká sì dàgbà sí. Ní ọjọ́ tó bá ń lọ fọn fèrè, á gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ọmọ á di bọ́ọ̀lù mú láyà. Òun ló kọ́ ọ ní ohun tí ọ̀fúsáìdì jẹ́, ó fi ìdérí ìgò ṣe àwọn agbábọ́ọ̀lù lórí tábìlì oúnjẹ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí Àyọ̀ká máa gbé. Ilé bàbá rẹ̀ kúkú ló wà.

Ohun kan wà tí gbogbo ọjà mọ̀ mọ́ ọkùnrin yìí: kì í parọ́. Bí táyà bá ti gbó, á ní ó ti gbó, oníbàárà á sì lọ ra ti ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ máa ń ní òótọ́ ló ń fi ebi pa àwọn.

Ìlànà ìdíje sọ pé rẹfirí kò gbọdọ̀ darí eré tí mọ̀lẹ́bí tàbí ojúlùmọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ kóòṣì. Bàbá Mọ́rúfù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí fóònù, ibi eré nìkan ni wọ́n sọ fún un, wọn ò sọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbá a. Bí ó bá yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà nísinsìnyí, kò sí rẹfirí mìíràn, àwọn ọmọ Àyọ̀ká á sì kógbá wọlé láìgbá bọ́ọ̀lù. Ó wo Àyọ̀ká, ó wo àwọn ọmọ nínú aṣọ tó tóbi jù wọ́n lọ. Ó pinnu pé òun á fọn ọ́n bó ṣe tọ́, ó sì fọn fèrè pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ó fọn ọ́n bó ṣe tọ́, ó tilẹ̀ fọn ọ́n kọjá bó ṣe tọ́. Eré kò tíì dé ìdajì nígbà tí ẹlẹ́yìn gíga yẹn gbá Idriss lẹ́sẹ̀ nínú àpótí ojú ilé, tí gbogbo ènìyàn rí i, tí obìnrin kan tó ń ta omi pàápàá kígbe. Bàbá Mọ́rúfù na ọwọ́ méjèèjì síwájú pé kí wọ́n máa gbá a lọ. Àyọ̀ká mọ ohun tó fà á. Ìkúnlẹ̀ òun ló gba pẹ́náritì náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí, ó sì gbé ọwọ́ lé orí níbi tó dúró sí.

Síbẹ̀ bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Nígbà tí eré ń lọ sópin, tí àwọn alátakò ti ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré kí àsìkò lè lọ, nítorí ọ̀mì ti tó fún wọn, àwọn ọmọ Àyọ̀ká rí kọ́nà kan gbà. Idriss lọ sí apá òsì ẹlẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún un. Ó fò, ó fi orí kàn án, bọ́ọ̀lù wọlé. Kò sí àwíjàre fún rẹfirí kankan láti fagi lé e. Bàbá Mọ́rúfù tọ́ka sí àárín pápá, ojú rẹ̀ kò sì yí padà.

Wọ́n ń jó lọ́wọ́ nígbà tí kóòṣì onírùngbọ̀n náà gba àárín wọn kọjá, ó gbé fóònù rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣètò ìdíje. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jó. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n fagi lé èsì náà, kí wọ́n gbé máàkì fún òun, nítorí pé rẹfirí ni bàbá kóòṣì àwọn tó borí. "Èmi náà ti bá àwọn Anago gbé. Ọmọ wọn kì í kúnlẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀."

Wọ́n dá ọjọ́ Ajé fún gbígbọ́ ẹjọ́ náà. Ọjọ́ tó wà láàárín kò ṣeé sùn fún Àyọ̀ká. Ó pe Bàbá Mọ́rúfù, kò gbé e. Ó tún pè, Bàbá sì gbé e níkẹyìn. "Má pè mí mọ́ títí ọ̀rọ̀ yìí á fi parí," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Lọ jẹun." Músíọ̀ náà ránṣẹ́ sí i pé bíríkì ti wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ wá bá a ní yàrá rẹ̀, gbogbo wọn, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà.

"Kóòṣì, ṣé bàbá yín ni lóòótọ́?" Idriss ló béèrè.

"Rárá," Àyọ̀ká dáhùn. "Bàbá mi ti kú tipẹ́."

Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu òun, kò sì fẹ́ràn ìró rẹ̀. Idriss nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ, ó ní àwọn mọ̀ pé Kóòṣì kò ní jẹ́ kí wọ́n tú àwọn ká. Ó sàn kí wọ́n bú u ju kí wọ́n gbọ́kàn lé e báyìí lọ.

Nínú yàrá tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà, àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì, alága wọn wà láàárín. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, àwọn ọmọ sì dúró níta lábẹ́ oòrùn nínú yúnífọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́, wọn ò sọ̀rọ̀. Bàbá Mọ́rúfù wọlé pẹ̀lú dàńṣíkí funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀. Àyọ̀ká di apá àga mú kí orúnkún rẹ̀ má baà tún ṣe ohun tó ṣe ní Sátidé. Ó jókòó síbẹ̀, kò kí i. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò rí ọkùnrin náà kó má kí i rí.

Wọ́n fi fídíò náà hàn. Ó ṣe kedere, ó tilẹ̀ dára lójú: obìnrin kan kúnlẹ̀ fún àgbàlagbà kan nínú erùpẹ̀ pupa. Alága bi Bàbá Mọ́rúfù pé ṣé ó mọ obìnrin náà.

Àyọ̀ká wo ọwọ́ ọkùnrin náà lórí orúnkún, ọwọ́ tí gírísì kẹ̀kẹ́ ti dúdú sí nínú èékánná. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni yóò jáde. Ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ ti tú, pé Idriss ti dé Brobo.

"N kò mọ̀ ọ́n," Bàbá Mọ́rúfù wí. "Báyìí ni obìnrin àwa Anago ṣe ń kí ọkùnrin tó bá ti hu ewú. Ẹ lọ béèrè lọ́jà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí mádàámù yìí ni Sátidé."

Kóòṣì onírùngbọ̀n náà rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. Alága yíjú sí Àyọ̀ká. "Ẹ̀yin ńkọ́, mádàámù? Ṣé ẹ mọ ọkùnrin tó—"

"N kò mọ̀ wọ́n," Àyọ̀ká dáhùn. "N kò rí wọn rí."

Kò tilẹ̀ jẹ́ kí alága náà parí ìbéèrè. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n lásìkò náà kò gbọ́ ìró kankan. Gbogbo ohun tó rí kò ju orí àwọn ọmọ lọ lójú fèrèsé. Àwọn mẹ́ta náà fi orí kan orí. Nígbà tó ṣe, alága ní kò sí ẹ̀rí, pé ìkíni kì í ṣe ẹbí, pé èsì Sátidé dúró bó ṣe wà. Ariwo ta níta. Àwọn ọmọ wọlé láìgba àṣẹ, wọ́n gbé Kóòṣì wọn sókè, Idriss ń sunkún, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé e sọ̀kalẹ̀, àga Bàbá Mọ́rúfù ti ṣófo.

Músíọ̀ pè é lórí fóònù, ó ní òun ti dá bíríkì padà. Ìpele kejì sún mọ́lé, ó ní, kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì. Àyọ̀ká dúpẹ́. Ó ra mílíìkì àti ṣúgà ní Grand Marché, ó ra ìpara ẹsẹ̀ tí Bàbá Mọ́rúfù máa ń fi ra orúnkún rẹ̀ lẹ́yìn eré, ó sì gba Koko lọ ní ìrọ̀lẹ́. Lójú ọ̀nà, ó ń tún ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ tò. Á ní kí Bàbá má bínú. Bàbá á ní kò burú, wọ́n á jọ fi kóòṣì onírùngbọ̀n náà rẹ́rìn-ín, Ìyá Sèlíátù, ìyàwó Bàbá, á bu oúnjẹ fún un. Ó ti rò ó dé ibi ọbẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí kì í tì tẹ́lẹ̀ ni ó bá ní títì. Ó kànlẹ̀kùn. Bàbá Mọ́rúfù fúnra rẹ̀ ló ṣí i, ó sì dúró sí àárín ẹnu ọ̀nà. Àyọ̀ká kúnlẹ̀.

"Ẹ káalẹ́ o, mádàámù," Bàbá ní.

Àyọ̀ká rò pé àwàdà ni. "Bàbá, èmi ni. Mo wá dúpẹ́ ni."

"Mo gbọ́ pé wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa bá eré lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Balógun yín yẹn mọ bọ́ọ̀lù gbá."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ bí àlejò."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Kò jọ ẹni tó ń bínú, ìyẹn gan-an ló já Àyọ̀ká láyà. "Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Irọ́ tí mo mọ̀ pé mo pa níwájú èèyàn kò ju ẹyọ kan lọ, òwúrọ̀ yìí ni mo pa á. Kò dùn mí pé mo pa á. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí alága yẹn kọjú sí yín, ọkàn mi pín sí méjì. Ìdajì ní kí ẹ gbè mí lẹ́yìn, kí àwọn ọmọ yẹn lè rí eré gbá. Ìdajì kejì ń retí kí ẹ sọ pé irọ́ ni mo pa, pé bàbá yín ni mí. Ǹ bá gba orúkọ òpùrọ́ yẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ ò tilẹ̀ jẹ́ kó béèrè tán."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá. Ẹgbẹ́ náà ni mo rò."

"Mo mọ̀. N kò dá yín lẹ́bi." Ó wo ẹrù tó wà lọ́wọ́ Àyọ̀ká, kò na ọwọ́ gbà á. "Mo ti sọ ọ́ níwájú wọn pé n kò mọ̀ yín, ẹ̀yin náà sì jẹ́rìí sí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí kò fi ní jẹ́ irọ́ mọ́ lẹ́nu mi, òun náà ni pé kó di òótọ́ láti òní lọ. Ẹ máa lọ sílé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ yín borí."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ yí i. Àyọ̀ká kò lè dìde. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí agolo mílíìkì. Ó gbọ́ tí Ìyá Sèlíátù ń béèrè láti inú ilé pé ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Obìnrin kan ni," Bàbá Mọ́rúfù dáhùn. "Ó ṣi ilé."